Kòkúmọ́ Dé Tẹ́ṣàn

Ọjọ́ Ẹtì ni. Òjò ti dá, òrùlé ṣì ń kán tó, tó.
Obìnrin kan wọlé, ó gbọn agbòjò rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà,
ó ní wọ́n jí fóònù òun lójú ọ̀nà Ọyẹ́mẹkùn.
Mo fa ìwé yọ, mo béèrè orúkọ.
"Kòkúmọ́ Akíndoyin, láti Ìjọ̀kà."
Gègé mi dúró lórí K bí ẹsẹ̀ ẹni tó fẹ́ tẹ ejò.

"Ṣé o ní àpá kankan?" A kì í béèrè bẹ́ẹ̀ nítorí fóònù,
ṣùgbọ́n ó na ọwọ́ òsì jáde: ojú iná àtikékeré,
ó rí bí ewé kókò tí kòkòrò jẹ létí.
Mo mọ àpá náà. Mo ti kọ ọ́ rí
sínú ìwé ẹni tí wọ́n pa.

Ìgbà yẹn aṣọ ìjọba ṣì ń le lára mi.
A rí òkú kan nínú oko kòkó lẹ́bàá odò Ọ̀wẹnà,
omi ti pa ojú rẹ̀ rẹ́ bí ọmọ ilé-ìwé ti ń pa síléètì rẹ́.
Bàtà rọ́bà kan ló wà lẹ́sẹ̀, aláwọ̀ ewé.
Ìyá Kòkúmọ́ wo bàtà, ó bú sẹ́kún, a kọ ọ́ sílẹ̀.
Ta ni kò ní bàtà rọ́bà aláwọ̀ ewé l'Ákùúrẹ́ lọ́dún náà?
Ọwọ́ òsì òkú ti bó. A ní àpá wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, omi ló gbé e lọ.

Ọ̀gá fẹ́ kí ẹjọ́ tètè parí. Èmi náà fẹ́ àmì kan sí i léjìká.
A mú Bọ́látitó tó ń tún rédíò ṣe ní Ìsọ́lọ̀, àfẹ́sọ́nà rẹ̀.
Ó ní, "Ó wọ ọkọ̀ Bìní láàárọ̀ Ọjọ́rú.
Ẹ béèrè ní gáréèjì. Awakọ̀ náà ní eyín kan ṣoṣo lókè."
Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni gáréèjì.
N kò lọ.
N kò fẹ́ rí eyín náà.

Ogún ọdún tí wọ́n ní irọ́ fi ń rìn kò tilẹ̀ pé;
ó ku ọdún kan.

Ó jókòó, ó fún etí aṣọ, omi kán sílẹ̀.
Bàbá òun fẹ́ fi òun fún oníyàwó mẹ́ta, ó ní;
òun sá dé Bìní, ó di Gàbọ́ọ̀nù.
"Bọ́látitó ní òun ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Kò wá.
Mo bínú sí i títí ìbínú fi sú mi.
Mo kọjá ní Ìsọ́lọ̀ lánàá, káàdì fóònù ni wọ́n ń tà níbẹ̀.
Ẹ̀yin ọlọ́pàá, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

Ọlọ́kùúta ló gbà á fọ́dún mọ́kànlá. Ikọ́ ló parí rẹ̀.
Nígbà tí mo rí ohùn mi, mo sọ ọ́.
Kò sunkún. Ó ní kí n mú òun lọ síbi tí a sin òun sí.

Lójú ọ̀nà Ìlárá, sìmẹ́ńtì ti là,
orúkọ rẹ̀ ṣì hàn, wọn kò fi àmì kankan sí i lórí.
Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbọ́wọ́ lé e bí ẹni ń wo ibà ọmọ.
"Ta wá ni eléyìí tó ń fi orúkọ mi sùn?"

Lálẹ́ mo já okùn pupa lára fáìlì, ẹyin aáyán tú sórí tábìlì.
Mo fa ìlà gba orí orúkọ olóògbé,
n kò rí nǹkan kọ sípò rẹ̀.
Ìyá kan ń bẹ, bóyá ní Ìdànrè, bóyá ní Ìgbàrà-Òkè,
tí kì í ti ilẹ̀kùn pa lálẹ́
nítorí ẹni tó wọ bàtà rọ́bà jáde.

Ó ku oṣù méje kí n fẹ̀yìn tì.
Láàárọ̀ mo rìn dé gáréèjì Bìní,
mò ń béèrè awakọ̀ kan tó ní eyín kan ṣoṣo lókè.
Àwọn ọmọ ibẹ̀ fi mí rẹ́rìn-ín.

Fóònù obìnrin náà, a kò tíì rí i.